Orí Omi Ni Igi Ń Tán Sí: Ooru, Ìgbóná àti Agbada Gàrí

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ìdí agbada dìde wá, ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ni ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń múra ìdánwò físíìsì, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ sì kú ìnáwó igi. Orí igi yẹn gan-an lọ̀rọ̀ òní dá lé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dí wa lọ́wọ́. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná lọ́sàn-án, a ní ooru mú. Bí a bá ṣí ìkòkò, ohun funfun tó rú jáde, ooru náà là ń pè é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ru ẹrù púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà rú mọ́ ọmọ ilé ìwé lójú nígbà tí olùkọ́ bá sọ pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ooru àti ìgbóná. Lónìí, báyìí ni ká ṣe pín in: ooru ni agbára tó ń kúrò lára ohun tó gbóná lọ sára ohun tó tutù jù ú lọ, ìgbóná ni ohun tí tẹmómítà ń kà, èyí tó ń rú jáde lẹ́nu ìkòkò, ooru omi la ó máa pè é.

Ẹ wo ẹta iná tó ń fò kúrò lára irin tí àwọn wẹ́dà ń jó. Ìgbóná rẹ̀ ju 1,000°C lọ, síbẹ̀ ó lè bà séèyàn lápá kó má dùn ju ìgbà tí èèrà bá géni jẹ. Omi inú kẹ́tùrù kò ju 100°C lọ, àmọ́ bó bá dà séèyàn lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ilé ìwòsàn. Ẹta iná ga ní ìgbóná, kò kàn ní ara tó lè gbé ooru púpọ̀ ni. Omi kò ga tó o, ṣùgbọ́n ooru kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Aago kan àti kẹ́tùrù kan tó láti fi ìyàtọ̀ yìí han ẹnikẹ́ni. Ẹ wọn omi lítà kan, ẹ gbé e ka orí gáàsì, ẹ má sì fọwọ́ kan iná náà mọ́. Omi wa níhìn-ín máa ń wà ní nǹkan bí 30°C. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú 8 kó tó hó. Ẹ má pa iná. Ẹ jókòó tì í. Kí omi náà tó gbẹ, yóò tún gba nǹkan bí wákàtí kan gbáko. (Ẹ gbé e kúrò kí ó tó gbẹ pátápátá o, kí ìdí kẹ́tùrù má baà jó.) Ní gbogbo wákàtí kan yẹn, tẹmómítà kò ní kúrò lórí 100. Gáàsì ń tán, iná ń jó, ìgbóná dúró gbọn-in. Níbo wá ni ooru yẹn ń wọ̀ sí?

Ọ̀mọ̀wé Joseph Black, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, ló jókòó ti ìbéèrè yìí ní nǹkan bí ọdún 1761. Ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ nígbà náà ni pé bí omi bá ti lè dé orí híhó, ooru díẹ̀ sí i ló kù tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ooru omi. Black ní bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ìkòkò tó bá hó yóò bú gbàù bí ẹ̀tù ìbọn. Kò bú. Nítorí náà, ooru náà ń wọ inú omi, ó kàn fara pamọ́ fún tẹmómítà ni.

Àwọn nọ́ńbà rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Kí omi kílò kan tó fi ìwọ̀n 1°C gbóná sí i, ó ń gba kílójúùlù 4.18 (kílójúùlù ni ìwọ̀n tí a fi ń ka ooru, ẹgbẹ̀rún júùlù sì ni ọ̀kan). Láti 30°C dé 100°C, kílójúùlù 293 nìyẹn. Kí kílò kan náà tó wá di ooru omi lórí 100°C yẹn, yóò gba kílójúùlù 2,257. Ẹ fi 293 pín in. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 8. Ibẹ̀ ni wákàtí kan yẹn lọ.

Ìjẹ̀bú kò yẹ kó ṣòroó ṣàlàyé èyí fún. Àwọn baba ńlá wa ló dúró lójú ọ̀nà láàárín etí òkun àti òkè, tí ọjà kankan kì í kọjá láìsan owó ibodè. Bẹ́ẹ̀ ló rí láàárín omi àti ooru omi. Nínú omi, àwọn hóró kéékèèké tó para pọ̀ di omi ń rìn kiri, àmọ́ wọ́n di ara wọn mú. Kí hóró kan tó já kúrò kó fò lọ, ó gbọ́dọ̀ san owó ibodè, ooru sì ni owó náà. Òǹkà 2,257 yẹn ni ti omi. Láti yìnyín dé omi, ibodè kékeré ni: kílójúùlù 334 fún kílò kan. Oníbodè yìí sì jẹ́ olóòótọ́ ju ti ayé àtijọ́ lọ: bí ooru omi bá padà di omi, gbogbo owó tó san ló máa gbà padà, kọ́bọ̀ kò ní dín. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá ṣe wá ní ibi lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀rọ̀ yìí tó tán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí agbada.

Ẹ̀gẹ́ tí a ti bó, tí a fọ̀, tí a rin, bí a bá kó 100 kílò rẹ̀ sínú àpò, nǹkan bí 65 kílò ló jẹ́ omi. Sítáàṣì, okùn inú ẹ̀gẹ́ àti ìyókù kò ju 35 kílò lọ. Gàrí tó yan dáadáa kò gbọdọ̀ ní ju nǹkan bí ìdá 10 omi nínú 100 lọ, nítorí náà kílò 35 yẹn yóò di gàrí 39 kílò. Omi 61 kílò gbọ́dọ̀ kúrò. Ọ̀nà méjì péré ló sì wà: kó ṣàn lọ lábẹ́ jáàkì, tàbí kó fò lọ lórí iná.

Èyí tó ṣàn lọ, omi ló wọlé, omi náà ló jáde. Kò dé ibodè kankan. Ká ní jáàkì fi agbára tọ́ọ̀nù 5 tẹ àpò náà títí tó fi rẹlẹ̀ ní 20 sẹ̀ǹtímítà. Gbogbo iṣẹ́ tí jáàkì ṣe kò ju kílójúùlù 10 lọ. Kílójúùlù 10 kan náà, bí a bá gbé e lọ sórí iná, omi tó lè sọ di ooru omi jẹ́ gíráàmù 4, kò kún ṣíbí ìmutíì. Lábẹ́ jáàkì, ó lé lítà 30 jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é lójoojúmọ́ mọ̀ pé fífún dára, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé a kò tíì mọ bó ṣe dára tó.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Bí a bá fún 100 kílò yẹn títí tí omi fi ku ìdá 50 nínú 100, omi tó kù fún iná láti lé jẹ́ 31 kílò. Kílò kọ̀ọ̀kan yóò gba 293 láti gbóná, yóò tún san 2,257 ní ibodè, àpapọ̀ rẹ̀ 2,550. Kílójúùlù 79,000 nìyẹn. Igi gbígbẹ kílò kan ní nǹkan bí kílójúùlù 15,000 nínú, ṣùgbọ́n lórí ààrò olókùúta mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri, bóyá ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń wọ inú agbada. Ìyẹn 1,500. Igi tí a ó jó yóò tó 53 kílò.

Ká ní a kánjú, a tú àpò nígbà tí omi ṣì wà ní ìdá 55. Omi tí iná yóò lé ti di 39 kílò, igi ti di 66. Bí a bá sì fún un dáadáa dé ìdá 45, omi 25 kílò ló kù, igi 42. Láàárín ẹni tó kánjú àti ẹni tó fara balẹ̀, ìyàtọ̀ tó igi 24 kílò lórí gàrí 39 kílò péré. Gàrí kan náà, agbada kan náà. Orí omi ni igi ń tán sí. Ìwọ̀nba kékeré ló ń bá gàrí fúnra rẹ̀ lò.

Igi tútù tún ń dá kún un. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni omi. Kí ó tó ràn yín lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó ibodè ti omi inú ara rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ń san án. Èéfín dúdú tó ń ta yín lójú, igi tí kò jó tán ni, owó yín ló ń gòkè lọ yẹn. Ẹ là á, ẹ tò ó síbi tí òjò kò dé, kí oṣù mẹ́fà lọ lórí rẹ̀.

Ẹnì kan á ní: ó dára, a ó kúkú fún un títí tí kò fi ní sí omi mọ́. Ẹ rọra o. Gàrí kì í ṣe ẹ̀gẹ́ gbígbẹ lásán. Sítáàṣì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wú, kó sì lẹ̀ mọ́ra, láti nǹkan bí 65°C lọ sókè, omi ló sì ń fi wú. Bí omi bá ti kéré jù, tó ń bọ́ sísàlẹ̀ ìdá 40, ohun tí ẹ ó yan yóò jẹ́ ìyẹ̀fun. Bí ẹ bá da omi sí i kò ní wú, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀bà, yóò máa ya. Àmì rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti jọ̀ ọ́, ẹ fún un pọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́. Kó dúró bí ẹ bá la ọwọ́, kí omi kankan má yọ láàárín ìka, kí ó sì tú ká bí ẹ bá fi ìka kan tì í. Bó bá tú ká fúnra rẹ̀ kí ẹ tó tì í, ó ti gbẹ jù. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ dá a padà sábẹ́ jáàkì.

Bí ẹ bá wá dà á sínú agbada, kílò 2 tàbí 3 lẹ́ẹ̀kan tó. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó wúwo, ó ń lẹ̀ mọ́ irin, ooru omi funfun ń rú bo ojú. Abala igbá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada, ó ń họ ọ́ kúrò, kí hóró kankan má pẹ́ nísàlẹ̀. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ti kọjá 150°C, síbẹ̀ ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kò lè kọjá 100°C níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí gbogbo ooru tó ń wọlé ni ibodè ń gbà. Omi ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ẹ ó gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i: ìró rẹ̀ á yí padà, ohun tó ń wọ́ bí yanrìn tútù tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣàràṣàrà bí ewé gbígbẹ. Ooru omi á fẹ́lẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ti ń lọ sílé nìyẹn. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ooru tó bá wọlé kò rí ibodè sanwó fún mọ́. Orí ìgbóná ló ń lọ tààrà, gàrí sì lè pọ́n kí ẹ tó yíjú. Ẹ fa igi jáde nígbà náà, ẹ jẹ́ kí ẹyin iná parí rẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, tó funfun, tó kúnná, tó kan, tó ń dún ká-ká lẹ́nu, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tó fi wà nínú àpò ló fún un ní kíkan. Ìparí lórí iná kékeré yìí ló fún un ní dídún.

Níbo ló ti máa ń bàjẹ́? Bí a bá dà á kún agbada jù, ooru omi tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ yóò pàdé ẹ̀gẹ́ tútù lókè, yóò padà di omi sára rẹ̀, yóò sì dá gbogbo owó ibodè rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Òkè kò yan mọ́, ó ń jinná bí mọ́ínmọ́ín ni, sítáàṣì lẹ̀ pọ̀ kí abala igbá tó dé ibẹ̀. Kókó inú gàrí dé. Bí agbada bá tutù jù níbẹ̀rẹ̀, omi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán kí ìgbóná tó dé ibi tí sítáàṣì ti ń wú, ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun náà la ó padà bá. Bí iná bá sì pọ̀ lápọ̀jù, ara hóró gàrí á gbẹ, á le, inú rẹ̀ á sì dá omi dúró. Á gbẹ lójú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ kejì kò ní pé kó tó máa rùn.

Ọ̀rọ̀ irin agbada náà wà níbẹ̀. Agbada tí kì í dógùn-ún dára fún ìmọ́tótó, nítorí kíkan ẹ̀gẹ́ máa ń jẹ irin lásán. Ṣùgbọ́n bí irin lásán ṣe ń gbé ooru kiri, irin tí kì í dógùn-ún kò ṣe tó ìdajì rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ iná bá ti ń lá á gan-an ló máa gbóná gidi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tutù. Àwọn tó bá ra ọ̀kan gbọ́dọ̀ tẹ́ iná pẹrẹsẹ lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má kó o jọ sójú kan, kí wọ́n sì yan èyí tó nípọn.

Ohun mìíràn ń jáde pẹ̀lú ooru omi. Ẹ̀gẹ́ ní sáyánáìdì nínú, májèlé gidi ni. Rírin àti ọjọ́ tó fi ń kan nínú àpò ló ń tú u sílẹ̀ lára ẹ̀gẹ́. Púpọ̀ ń bá omi àpò lọ. Èyí tó kù, nǹkan bí 26°C péré ló ti ń hó, nítorí náà agbada ń lé e jáde kíákíá. Inú afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí sí ló ń lé e sí. Ilé ìyan-gàrí tí ògiri dí ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò dára. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjì ṣí sílẹ̀, kí òrùlé ga, kí ẹni tó ń yan sì jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kó má jókòó sí ibi tó ń fẹ́ lọ. Ẹ má ṣe da omi ẹ̀gẹ́ síbi tí ewúrẹ́ ti lè mu ún.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí owó ibodè ń padà wá ṣe wá ní ibi nìyí. Gíráàmù kan omi híhó, bó bá kan ara, ìwọ̀nba ooru tó máa tú sílẹ̀ kó tó tutù dé ìgbóná ara jẹ́ nǹkan bí júùlù 263. Gíráàmù kan ooru omi yóò kọ́kọ́ tú 2,257 sílẹ̀ bó ṣe ń di omi lára yín, lẹ́yìn náà yóò tún tú 263 yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10. Nítorí náà, ẹ ṣí ìdérí ìkòkò láti ẹ̀yìn, kí ooru omi máa lọ síwájú. Bí ó bá jóni, omi tútù tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú ni ìtọ́jú. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe yìnyín.

Ìgbà kejì ni inú àpò. Gàrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ṣì ń tú ooru omi sílẹ̀. Bí a bá dì í sínú àpò tó ní ọ̀rá nínú nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru omi yẹn kò ríbi lọ. Lálẹ́, bí ọ̀rá bá tutù, yóò padà di omi sára ọ̀rá gẹ́gẹ́ bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sára ewé. Gàrí tó kan ọ̀rá náà á mu ún, á dì, á hu. Òkè àpò àti ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, àárín á ṣì dára, oníbàárà á sì ní ẹ fi gàrí àtijọ́ bo tuntun. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ohun tó mọ́, kó má nípọn ju ìka ọwọ́ méjì lọ, títí ẹ ó fi ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ tí kò ní lọ́ rárá. Ní àsìkò òjò, ẹ má jẹ́ kó sùn síta, nítorí gàrí gbígbẹ á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀ díẹ̀, àwọn ìyá wa á fi ara dà á. Òfin àkọ́kọ́ nípa ooru ni pé agbára kì í sọnù, a kì í sì í dá a. Ní 1798, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Rumford ròyìn bí wọ́n ṣe ń lu ihò ìbọn àgbá ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì, tí irin tí ẹnu rẹ̀ kò mú sì mú omi hó láìsí iná kankan: iṣẹ́ ọwọ́ ló di ooru. James Joule, ọmọ ẹlẹ́mu-bíà kan nítòsí Manchester, ló wá fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ọ́n láàárín 1840 sí 1850, tí a fi mọ iye iṣẹ́ tó bá iye ooru mu. Bẹ́ríìnì ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tí kò rí gíríìsì tó ń gbóná, ohun tí Joule wọ̀n ló ń ṣẹ níbẹ̀. Dísù tí ẹ rà ló ń di ooru tí ẹ kò rí lò.

Òfin kejì ló ń dunni jù. Ooru fúnra rẹ̀ kì í gun òkè láti ibi tó tutù lọ síbi tó gbóná. Nínú igi 53 kílò yẹn, kò sí kílójúùlù kan tó sọnù. Gbogbo rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìṣarà níbi tí ẹ ti yan án. Ó kàn ti fọ́n ká débi pé kò sí ẹni tó lè kó o jọ láìná ju bó ṣe jẹ́ lọ. Fíríìjì lè ti ooru láti inú tútù sí ìta gbígbóná, iná mànàmáná ló sì ń gbà láti fi ṣe é. Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì sílẹ̀ kí yàrá lè tutù, yàrá náà yóò gbóná sí i.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni láti dí ojú ọ̀nà tí ooru ń gbà sá. Ẹ fi amọ̀ mọ ààrò yí agbada ká, kí iná má rí ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Ẹ fi ojú kan sílẹ̀ fún igi, ẹ ṣe ọ̀nà èéfín sí ẹ̀yìn. Ẹ máa ha èédú dúdú tó lẹ̀ mọ́ ìdí agbada, nítorí aṣọ òtútù ni fún irin. Ààrò tó bá gbé ìdá tó ń wọ agbada láti 10 dé 20 nínú 100 ti sọ igi 53 di 27 nìyẹn.

Ká wá mu gàrí wàyí, tútù. Ẹ mú omi ìlàjì lítà tó wà ní 30°C. Bí ẹ bá da gíráàmù 100 omi tó tutù dé 0°C sí i, gbogbo rẹ̀ yóò dúró sí 25°C, kò sí ìyàtọ̀ tó jọni lójú. Bí ẹ bá fi gíráàmù 100 yìnyín tó wà ní 0°C kan náà dípò rẹ̀, yóò sọ̀ dé nǹkan bí 12°C. Ìgbóná méjèèjì dọ́gba níbẹ̀rẹ̀. Yìnyín gbọ́dọ̀ san owó ibodè kó tó yọ́, inú omi yín ló sì ti ń yá a. Àwọn ẹlẹ́ja ní etí ọ̀sà mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi omi tútù rọ́pò yìnyín.

Ìkòkò àmù tún ń jẹ nínú ibodè yìí. Omi ń yọ́ jáde lára amọ̀, ó ń di ooru omi láìhó, ó sì ń gba ooru lọ́wọ́ omi tó kù nínú ìkòkò. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, fi ìkòkò kan sínú òmíràn pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín wọn kí tòmátì lè pẹ́, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ. Níhìn-ín, ní oṣù kẹfà, afẹ́fẹ́ ti yó fún omi, kò gba èrò mọ́, ìkòkò yẹn kò ní ṣe nǹkan kan dàbí alárà. Ẹ dúró de ọyẹ́. Ìyà kan náà ló ń jẹ àwọn régbérégbé lọ́jọ́ Ojúde Ọba bó bá bọ́ sí àsìkò òjò: àrán nípọn, afẹ́fẹ́ kún, òógùn ń kán sílẹ̀. Òógùn tó kán sílẹ̀ kò mú ara tutù. Èyí tó gbẹ lára ni.

Ìbéèrè kan ṣì kù tó dájú pé ó wà lẹ́nu yín: ṣé kí a kúrò nídìí igi, ká máa fi gáàsì yan gàrí? Ẹ ṣírò rẹ̀. Gáàsì ìdáná kílò kan ní nǹkan bí kílójúùlù 46,000, ìdáná tó dára sì ń fi nǹkan bí ìdajì wọ inú agbada, 23,000. Fún 79,000 wa, gáàsì kílò 3.4. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta kílò gáàsì ní ìlú yín sọ 3.4 di púpọ̀, ẹ fi iye kílò igi sọ 53 di púpọ̀, tàbí 27 bí ẹ bá ti mọ ààrò. Ìdáhùn Ìjẹ̀bú-Òde lè má bá ti abúlé tí igi pọ̀ sí mu. Ẹ ka owó ẹni tó ń fẹ́ná mọ́ ọn, ẹ sì ka ojú tí èéfín ń bàjẹ́.

Ẹni tó bá wá yan gáàsì, kó mọ èyí. Inú sìlíńdà, olómi ni gáàsì. Kó tó di afẹ́fẹ́ tó lè jó, òun náà gbọ́dọ̀ san owó ibodè, ara sìlíńdà ló ti ń gbà á. Ìdáná ńlá ń fà á kíákíá, sìlíńdà kékeré á tutù, á máa làágùn, àní omi inú afẹ́fẹ́ ló ń dì sára rẹ̀. Iná á wá rẹlẹ̀ láàárín yíyan bí ẹni pé gáàsì ti tán. Kò tíì tán. Ẹ má da omi híhó sí i, ẹ má fi iná yá a, ẹ má sì gbé e dùbúlẹ̀, nítorí olómi fúnra rẹ̀ lè ṣàn wọ ọ̀nà iná. Ẹ so sìlíńdà méjì pọ̀ mọ́ ọ̀nà kan, ní ìta, lóòró, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè máa fẹ́ sí ara méjèèjì.